Àdúrà Méjì Lórí Dọ́là Kan

Orí ibùsùn kan náà ni tọkọtaya yìí ń sùn, inú pálọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn, ṣùgbọ́n bílẹ̀ bá ti mọ́, tí wọ́n bá kúnlẹ̀ àdúrà, ohun tí wọ́n ń tọrọ kì í dọ́gba.

Ọkọ ló máa ń ṣáájú. Yóò dúpẹ́ ìdìde, yóò tọrọ àlàáfíà, yóò dárúkọ ẹbí ní ẹyọ ẹyọ. Gbogbo ìyẹn kò níjà nínú. Ìparí lọ̀rọ̀ máa ń wà. Á wúkọ́ díẹ̀, á ní, "Bàbá, jẹ́ kí dọ́là máa gun òkè lọ. Má jẹ́ kó wẹ̀yìn wò."

Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ, tó máa ń jókòó sórí àga nítorí orúnkún tí kò gbà kó kúnlẹ̀ mọ́, á ní, "Àmín o."

Ìyàwó kò ní í dáhùn. Á dúró títí yóò fi kàn án, á wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Bàbá, ohun tó gòkè láìnídìí, ẹ bá wa fà á wálẹ̀. Ẹ fún owó ilé wa lágbára."

Màmá á tún ní, "Àmín o," agbára kan náà ló sì máa ń fi sí i, nítorí Màmá gbà pé àdúrà kì í pọ̀ jù, Ọlọ́run tó dá etí ló mọ èyí tí òun yóò gbọ́.

Iṣẹ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Àwọn ará àdúgbò ń pe ọkọ ní Dókítà Etí. Kì í ṣe dókítà, kò sì tọ́jú etí ẹnikẹ́ni rí. Àwọn dókítà gidi tó wà lókè òkun ni, tí wọ́n bá wo aláìsàn tán, wọn kì í ráyè kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n á kàn sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Ohùn yẹn ló ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá bá ọkùnrin yìí níbi tábìlì rẹ̀. Á ki íápíìsì bọ etí, á máa tẹ ohun tó ń gbọ́ sínú kọ̀ǹpútà, á sì dá a padà fún wọn ní kíkọ. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ó mọ ìfun àti kíndìnrín àwọn ènìyàn tí kò fojú kàn rí. Nígbà mìíràn á yọ íápíìsì, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ìyá àgbàlagbà kan ló ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́hùn-ún. Egungun ìbàdí ló kán."

Màmá á pa sàárà. "Ó mà ṣe o. Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbọ́?"

Ìyàwó ní tirẹ̀ jẹ́ aránṣọ, igun kejì pálọ̀ náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà. Gbogbo wa la mọ bí aránṣọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó bá ní kó o wá lọ́la, ọ̀tunla ló ń sọ, tàbí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tàbí kó o kúkú wọ èyí tó wà lọ́rùn rẹ lọ síbi ìyàwó. Obìnrin yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ní lọ́la, ọ̀la náà ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Lọ́la-Dájú. Orúkọ tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹrù ló tún jẹ́, nítorí ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ lórúkọ kò lè kó ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́.

Ẹrù yẹn gan-an ló ń wúwo lórí rẹ̀ báyìí. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin arúgbó kan lókè òkun tó ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń gé kóòtù ọkùnrin, kóòtù tó máa ń jókòó léjìká bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ni. Orí fóònù ni ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ á gbé aṣọ sójú fídíò, á gé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìlú oríṣiríṣi á máa wò ó, wọ́n á sì máa gé tiwọn. Nígbà tí Dókítà Etí gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Kóòtù? Nínú fóònù? Ṣé láti òkè òkun ni wọ́n á ti máa na téèpù wá wọn èjìká ènìyàn?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Owó yín ò ní í débẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo máa fi san án láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìdánwò. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ má pè mí ní Lọ́la-Dájú mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Oṣooṣù ló ń ra dọ́là ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìbi ọkọ léèrè. Ó wá ku ìdánwò, owó ìdánwò sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Olùkọ́ ti sọ ọ́ lójú fídíò pé èyí ni àṣekẹ́yìn, pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, òun fẹ́ lọ sinmi. Ẹni tí kò bá sí nínú èyí, ó ti di kó kọ́ ọ tán láìní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Gbogbo ọdún tí Lọ́la-Dájú fi ń tú aṣọ tó sì ń tún un rán, á wá já sí eré.

Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń tọ́jú owó ìdánwò náà sí, lábẹ́ àwọn òwú. Ìgbàkigbà tó bá sì ti rò pé ó pé, dọ́là á ti tún kúrò níbi tó fi í sí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ránṣọ fún ọmọ tó ń ga lójoojúmọ́. O rán ọwọ́ rẹ̀ tán, apá ti gùn jù ú lọ. O tú u, o fi kún un, ọmọ tún ti ga.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n òjò dọ́là yìí, bó ti ń pa ìyàwó ló ń ponmi kún àmù ọkọ. Iye kan náà tí àwọn ará òkè òkun ń san fún Dókítà Etí ń di òkìtì owó ilé, láìjẹ́ pé ó fi ìka kan tẹ̀ ju bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó ra àga tuntun, irú èyí tó máa ń yí po. Ó di ẹni tó ń yí wá yí lọ kó tó dáhùn ìbéèrè. Ikùn rẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Òfin kan wà nínú pálọ̀ yẹn. Bí dókítà òkè òkun bá sọ̀rọ̀ tí kò yé ọkọ dáadáa, á gbé ọwọ́ sókè, ìyàwó á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ títí yóò fi gbọ́ ọ yé. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń gbé ọwọ́ náà bí ẹni tọrọ gáfárà. Látìgbà tí dọ́là ti ń gòkè, ó ń gbé e bí ọba tó ń dá ará ìlú lẹ́kun ariwo.

"Àwọn tó ń gba owó ilé, ẹ kú ìfaradà," ló máa ń sọ bó bá yọ íápíìsì.

"Àwọn tó ń gba dọ́là, ẹ kú ìyípo," ni ìyàwó á fi dá a lóhùn, á sì tẹ ẹ̀rọ.

Kò sọ fún un pé owó òun ò pé. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ó gbìyànjú kó fi díẹ̀ lé owó ìránṣọ. Tíṣà kan tó wá gba ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ gbọ́ iye, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ọ̀gá aránṣọ.

"Àǹtí, ṣé dọ́là ni abẹ́rẹ́ yín ń jẹ ni?"

"Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń jẹ ẹ́, tíṣà. Èmi ni."

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni, ẹ dín oúnjẹ kù." Tíṣà san iye àná, ó gba ṣòkòtò ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì ku dẹ̀dẹ̀, Lọ́la-Dájú kó owó inú dúrọ́ọ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń pààrọ̀ owó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín olóògùn òyìnbó àti ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Kò gbòòrò ju ibi tí ènìyàn lè na ẹsẹ̀ sí lọ. Tábìlì kan, àga gígùn kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àti pátákó dúdú kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí ní àràárọ̀. Pátákó yìí ni wọ́n fi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Pátákó. Ìlà méjì péré ló máa ń wà níbẹ̀. Ìlà òkè ni iye tí òun ń fi ra dọ́là lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in. Ìlà ìsàlẹ̀ ni iye tí òun ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ó sì máa ń ga ju tòkè lọ. Àárín ìlà méjèèjì yẹn ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ wà.

Ó ka owó náà lórí tábìlì, ó tẹ kálukúlétọ̀ rẹ̀, ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ ìròyìn òkú fún.

"Ó kù díẹ̀ káàtó, ìyàwó wa. Tó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ì bá ṣẹ́kù gan-an."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá náà, ẹ ní tó bá jẹ́ tìjẹta ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ padà wá lọ́la. Ó lè wálẹ̀."

"Ẹ bá mi fi í sádùúrà."

"Gbogbo oníbàárà mi ni mò ń gbàdúrà fún," ni Ẹ̀gbọ́n Pátákó wí. "Àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà." Ó sì ń wo ojú tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Lọ́la-Dájú ṣàkíyèsí nǹkan kan nílé. Ọkọ ka ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì pa á dé. Àga tuntun ò yí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dókítà kan rú u lójú, ó gbé ìka kan ṣoṣo sókè, kì í ṣe ọwọ́. Ìyàwó rò pé orí ló ń fọ́ ọ.

"Ṣé kò sí?" ló bi í.

"Kí ni ì bá wà? Dọ́là tún ti gòkè láàárọ̀ yìí."

"Mo gbọ́. Ẹ kú oríire."

"Ẹ ṣé," ni Dókítà Etí wí, ṣùgbọ́n ojú tó fi wí i kò jọ ti ẹni tí oríire dé bá. Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní òun rò pé ẹni tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ti kú ni.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì dé. Lọ́la-Dájú ti gba àsansílẹ̀ lórí aṣọ ilé ìwé bíi mélòó kan, ó fi kún tinú dúrọ́ọ̀, ó sáré lọ síbi pátákó. Kó tó wọlé, ó ti rí i. Ìlà ìsàlẹ̀ ti tún yí padà, eruku ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò tíì bọ́ tán. Ó wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó jókòó sórí àga gígùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì lé itan.

"Ìyàwó wa, ẹ máa rọra," ni Ẹ̀gbọ́n Pátákó wí.

"Mo ń rọra. Ẹ jẹ́ kí n kàn jókòó ná. Ọ̀la ni. Tí mi ò bá sanwó ìdánwò yẹn lónìí sí ọ̀la, ó parí."

Ẹ̀gbọ́n Pátákó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún gbé e mì. Ibi tó ti ń gbé e mì lọ́wọ́ ni ẹnìkan ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà sì bo Lọ́la-Dájú mọ́ ògiri. Kò ríran, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn, kò sì sí bí kò ṣe ní í mọ ohùn náà, nítorí ohùn tó ń bẹ Ọlọ́run kí dọ́là gòkè lójoojúmọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o. Mo mú tọ̀sẹ̀ yìí wá."

Ẹ̀gbọ́n Pátákó wúkọ́. "Dókítà, ẹ bá mi yí ká, kẹ́ ẹ padà wá tó bá ṣe díẹ̀."

"Kí ló dé? Mi ò lè pẹ́. Èló lẹ ń rà á? Ṣé kí n fi ránṣẹ́ látorí fóònù bíi tàtẹ̀yìnwá?"

Ẹ̀gbọ́n Pátákó tún wúkọ́, èyí gùn ju ti ìṣáájú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí fóònù tí ọkùnrin náà nà sí i, ẹnu oníṣòwò kì í sì í pa mọ́ bó bá rí iye. "Kò tó tàtẹ̀yìnwá o, Dókítà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdajì."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gé e." Dókítà Etí rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gá wa ọ̀hún kọ̀wé. Ó ní òun ti gbọ́ pé owó ìlú wa ti já, pé àwọn tó ń tẹ ọ̀rọ̀ níhìn-ín ti pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, gbogbo wọn ló sì ń bẹ òun pé àwọn á gba owó tó kéré. Nítorí náà, ó ní èyí tó kù yìí á ṣì tó mi jẹun dáadáa. Ẹ wò ó, èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ ìṣirò."

"Ṣé ìyàwó yín ti gbọ́?"

"Ta ló máa sọ fún un? Lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo ti fọ́n?"

Ohùn kan jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Kò sẹ́ni tó sọ fún un."

Dókítà Etí yí po láìsí àga. Ó fa ilẹ̀kùn, ó rí aya rẹ̀ tó jókòó wẹ́rẹ́ pẹ̀lú báàgì lórí itan.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mo wá ra dọ́là ìdánwò mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Mo rò pé báńkì ló ń sọ owó yín di owó ilé."

"Báńkì wo? Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni mo ti ń tà á láti ọjọ́ pípẹ́."

"Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni mo ti ń rà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún."

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yíjú sí Ẹ̀gbọ́n Pátákó. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu kálukúlétọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí eruku bà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Lọ́la-Dájú wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Dọ́là tí mo rà lọ́wọ́ yín lóṣù tó kọjá, ọwọ́ ta lẹ ti rà á?"

"Ọ̀rọ̀ oníbàárà, àṣírí ni, ìyàwó wa."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ orúkọ. Ṣé ó yọkùn?"

Ojú Ẹ̀gbọ́n Pátákó lọ síbi ikùn Dókítà Etí kó tó rántí dá a padà.

Dókítà Etí fìdí lé àga gígùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀. "Ìyẹn ni pé pálọ̀ wa ni dọ́là yìí ti ń jáde. Ó ń wá síbí wá pààrọ̀ aṣọ, ó sì ń padà sí pálọ̀ wa."

"Àlọ àti àbọ̀ ló sì ń san owó ọkọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n," ni ìyàwó rẹ̀ parí rẹ̀. "Ẹ tà á fún wọn ní iye òkè, mo rà á ní iye ìsàlẹ̀. Kò sì ju igun kan sí èkejì lọ láàárín tábìlì yín àti ẹ̀rọ mi."

"Ẹ má fi bú mi," ni Ẹ̀gbọ́n Pátákó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ò bára yín sọ̀rọ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Tí mo bá sọ fún ọkọ pé ìyàwó rẹ̀ ń ra dọ́là, á bi mí pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Tí mo bá sọ fún ìyàwó pé ọkọ rẹ̀ ń ta dọ́là, á bi mí pé èló. Ẹni tó bá dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ìta ló ń sùn."

Òótọ́ ló sọ.

Dókítà Etí na fóònù sí aya rẹ̀. "Èló ni owó ìdánwò? Jẹ́ kí n fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ yẹn báyìí. Má mú nǹkan kan wá."

"Rárá."

"Kí ni rárá?"

"Mo ti sọ pé mi ò ní í tọrọ. Ẹ fẹ́ kí wọ́n gba orúkọ lára mi ni? Ẹ tà á fún mi."

"Kí n ta dọ́là fún aya mi?"

"Ṣé ẹ̀ ń tà á fún Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ̀ ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́?"

Dókítà Etí rò ó. Ohun tó jẹ́ oníṣòwò nínú rẹ̀ jí díẹ̀. "Ó dáa. Iye tó wà níta lórí pátákó náà ni. Ìlà ìsàlẹ̀."

"Ìlà ìsàlẹ̀ bí ti báwo? Ìyẹn ni iye tí Ẹ̀gbọ́n ń tà. Ìlà òkè ni wọ́n fi ń rà lọ́wọ́ yín. Ìlà òkè ni mo máa san."

"Tó bá jẹ́ ìlà òkè ni, kí ni mo rí jẹ níbẹ̀? Mo kúkú lè tà á fún Ẹ̀gbọ́n."

"Tó bá jẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ ni, kí lèmi rí jẹ? Mo kúkú lè rà á lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ ṣeun," ni Ẹ̀gbọ́n Pátákó wí. "Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀?"

Wọn ò gbọ́. Wọ́n ń nájà. Ìyàwó ní kó wo ojú àánú, ọkọ ní ojú àánú ò sí lórí pátákó. Ìyàwó ní ta ló ń fọ aṣọ tó wọ̀ sọ́rùn yẹn, ọkọ ní ta ló ra ọṣẹ. Ìyàwó dìde bí ẹni fẹ́ máa lọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́jà, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró kí wọ́n pè é padà. Dókítà Etí, tí kò mọ ọjà ná tó bẹ́ẹ̀, pè é padà kíá. Bó ṣe pè é, ó mọ̀ pé òun ti ṣubú.

"Ká pàdé láàárín," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Lọ́la-Dájú wí, "ẹ bá wa tẹ àárín rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n Pátákó wo àwọn méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ní kó gbẹ́ kòtò ara rẹ̀. Ó gbé kálukúlétọ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi hàn wọ́n. Ènìyàn dáadáa ni. Ní iye yẹn, owó inú báàgì tó, ó tiẹ̀ tún ṣẹ́ kù tí yóò ra òwú. Dókítà Etí tẹ fóònù, dọ́là gba orí òkun lọ tààrà sọ́dọ̀ olùkọ́ láìya ibì kankan. Ìyàwó ka owó ilé sí i lọ́wọ́.

Owó náà kò tíì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

"Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́?" ni ìyàwó bi í.

Ọkọ wo owó, ó wo aya rẹ̀. Ó fa púpọ̀ nínú rẹ̀ yọ, ó dá a padà fún un. Ẹ̀rín pa Ẹ̀gbọ́n Pátákó débi pé ó ṣí fìlà. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń pààrọ̀ owó, òun ò tíì rí èyí tó yára dé ilé tó báyìí.

Lójú ọ̀nà, ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi pé wọ́n ti gé owó yín?"

"Bó bá tún gòkè, kí ìtìjú lè dín kù."

"Bó bá gòkè, wọ́n á tún gé e. Bó bá wálẹ̀, wọn ò ní í dá a padà." Ó gba apá ọkọ rẹ̀ mú nítorí gọ́tà kan tí wọ́n ń rékọjá, lẹ́yìn gọ́tà, kò tú u sílẹ̀. "Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá yín. Ẹ sọ fún un pé owó ìlú wa ló já, etí yín ò já. Dókítà yín kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi oúnjẹ gbígbóná sẹ́nu, ṣé àwọn tó ń gba owó kékeré yẹn gbọ́ ohun tó ń wí?"

Dókítà Etí dúró. "Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Èmi nìkan ni wọ́n ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí."

"Tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye lé lọ́tọ̀."

Kí wọ́n tó délé, fóònù Lọ́la-Dájú dún. Olùkọ́ ti rí owó. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè wà fún un, ó sì fi ìbéèrè ìdánwò náà ránṣẹ́. Kóòtù kan ṣoṣo ni, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ère onígi tí wọ́n fi ń gbé aṣọ kọ́. Ẹni tó ń mí ni kó wọ̀ ọ́ lójú fídíò, kí ara ẹni náà má sì rọrùn láti rán aṣọ fún.

Lọ́la-Dájú kà á tán, ó gbójú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó tún wò ó láti ilẹ̀ dókè.

"Kí ló dé tó o fi ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

"Ọlọ́run ló ti pèsè," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Bí wọ́n ṣe délé, ó mú un dúró láàárín pálọ̀. Ó wọn èjìká, ó wọn apá, ó wọn ẹ̀yìn. Nígbà tí téèpù dé ikùn, Dókítà Etí fa ikùn náà wọlé, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òrùlé.

"Ẹ tú u sílẹ̀."

"Mo ti tú u sílẹ̀."

"Ẹ ò tíì tú u. Ṣé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ dúró lójú olùkọ́ mi nìyẹn títí wọ́n á fi wo ìdánwò tán?"

Màmá dá sí i láti orí àga rẹ̀. "Ọmọ mi, tú u sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ. Gbogbo wa la kúkú jọ ń rí i."

Ó tú u sílẹ̀. Lọ́la-Dájú ka iye orí téèpù, kò sọ ọ́ jáde, ó kọ ọ́ síbi tí ọkọ ò ti ní í rí i. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ojúlówó aṣọ aláwọ̀ eérú tó ti ń tọ́jú láti ọdún dé ọdún, tí kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ bí sísọ́ọ̀sì bá ṣì í gé. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà èjìká, ó fa ti àyà, ó sì rọra fa ti ikùn yípo bí olùkọ́ ṣe kọ́ ọ, kí ó lè bo ohun tó wà níbẹ̀ láìsọ fún ayé pé ó wà níbẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pa díẹ̀ rẹ́, ó tún un fà. Ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó gbé e sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, ó tún gbé e.

"Ẹ má mí," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

Orí tábìlì ni aṣọ wà, ọkọ sì ti padà sórí àga tirẹ̀ ní igun kejì pálọ̀. Síbẹ̀, kò mí. Màmá náà ò mí. Sísọ́ọ̀sì wọ inú aṣọ láti etí rẹ̀, ó sì ń lọ geere lórí ìlà.